Ohun Tí Mi Ò Kà Lẹ́yìn Ìwé Délé

Karmo, Abuja
Àárọ̀ Sátidé

Bùnmi, Àbẹ̀kẹ́ mi, ìyá Mọ́rẹ́,

Má jẹ́ kí àyà rẹ já nítorí bí ìwé yìí ṣe nípọn. Ara mi le, ẹ̀jẹ̀ ríru náà kò ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Délé ẹ̀gbọ́n rẹ wà ní kíṣìnnì, ó ń fi ọwọ́ òsì rẹ̀ fọ abọ́. Mo mọ̀ pé wàá ní kí ló dé tí Dádì ò fi pè mí. Mo pè ọ́ ní Ọjọ́bọ̀, ìwọ náà sì mọ bó ṣe rí. Lórí fóònù, kí n tó parí gbólóhùn kan, o ti dá mi lóhùn lẹ́ẹ̀mẹta. Ìwé ni mo kọ lọ́tẹ̀ yìí, o ò sì lè já lu ọ̀rọ̀ mi níbẹ̀. Jọ̀ọ́, jókòó kà á tán kí o tó bínú sí mi.

Mo kí ọ kú oríire iṣẹ́ tuntun. Olórí ẹ̀ka ìdánwò ní iléèwé ńlá bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun kékeré. Mo sọ ọ́ ní ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Garki, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ọ, àwọn ìyá sì gbàdúrà. Ọlọ́run yóò dúró tì ọ́ nídìí iṣẹ́ náà. Àmọ́ kì í ṣe nítorí iṣẹ́ ni mo ṣe gbé bírò. Nítorí Mọ́rẹ́ ni.

O sọ fún mi ní Ọjọ́bọ̀ pé ó ṣe ìdánwò ọpọlọ tí gbogbo ọmọ tuntun ń ṣe ní iléèwé yín, pé máàkì rẹ̀ kéré, àti pé lọ́jọ́ Ajé o máa bu ọwọ́ lu fọ́ọ̀mù kí wọ́n fi í sí kíláàsì àwọn tí kò yá. Mo ní ṣé ẹ tilẹ̀ wo ìwé náà dáadáa? O ní, "Dádì, the cut-off is the cut-off. Tí mo bá yí i fún ọmọ tèmi, kí ni mo fẹ́ sọ fún àwọn parents yòókù?" Olódodo ni ọ́, inú mi sì dùn sí i. Lẹ́yìn náà lo wá mí kanlẹ̀, o ní, "Ká má parọ́ fúnra wa, orí Mọ́rẹ́ ò gbé e." Mo ń gbọ́ ohùn ọmọ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ ní gbogbo àkókò yẹn, ó ń bi ọ́ ní nǹkan kan ṣáá. Bí o ṣe sọ gbólóhùn yẹn báyìí, mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́.

Àbẹ̀kẹ́, mo dá gbólóhùn yẹn mọ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yẹn nínú ilé wa. Délé ni mo sọ ọ́ sí, ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà náà. Ìwọ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, o wà níbẹ̀, o ń jẹ bísíkíìtì tí mo fi ta ọ́ lọ́rẹ. Ó ṣeé ṣe kí o má rántí ju bísíkíìtì náà lọ. Jẹ́ kí n sọ ìyókù fún ọ, nítorí ìyá rẹ tó lè bá mi sọ ọ́ kò sí mọ́.

O mọ̀ pé iṣẹ́ ìjọba ni mo ṣe, ṣùgbọ́n mi ò rò pé mo sọ fún ọ rí bí a ṣe ń ṣe é. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi jókòó ní ọ́fíìsì kan ní Garki, tí a ń dán ọpọlọ àwọn ọmọdé wò láti mọ àwọn tó máa wọ iléèwé àwọn ọmọ tí orí wọn pé. Ọgọ́ta ìbéèrè, agogo lórí tábìlì, pẹ́ńsù kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Tí wọ́n bá ti ṣe é tán, ìwé wọn á dé ọ̀dọ̀ wa. A ní páálí kan tí wọ́n lu ihò sí lára. A ó gbé páálí náà lé orí ìwé ọmọ. Tí a bá rí àmì pẹ́ńsù nínú ihò, máàkì kan. Tí a ò bá rí i, òdo. Ohun yòówù tí ọmọ náà bá kọ síbòmíràn, páálí ti bò ó mọ́lẹ̀. Òfin wa sì ni pé a ò gbọ́dọ̀ ka ẹ̀yìn ìwé. Ẹ̀yìn wà fún kí ọmọ máa ha nǹkan sí i. Ọ̀gá wa máa ń sọ pé tí a bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀yìn, a ò ní kúrò ní ọ́fíìsì títí a ó fi kú, òótọ́ ló sì sọ. Ọwọ́ mi yá ju ti gbogbo ẹgbẹ́ mi lọ nídìí páálí náà. Wọ́n máa ń pe àwọn ọmọ tuntun wá wò mí.

Ó wá jẹ́ àṣà ní ẹgbẹ́ wa pé ní ìpàdé ìparí ọdún, òbí tí ọmọ rẹ̀ bá fẹ́ wọ iléèwé gidi á fà á lọ́wọ́ jáde, á sọ máàkì rẹ̀ sókè, àwọn àgbà á sì gbé ọwọ́ lé ọmọ náà lórí. Èmi tí mo ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, gbogbo wọn ń retí kí n mú ọmọ jáde. Mo fẹ́ mọ̀ tẹ́lẹ̀, kí ojú má tì mí. Mo wá ṣe ohun tí kò yẹ kí n ṣe. Mo jí ìwé ìdánwò méjì kó sínú báàgì, mo sì mú un wálé ní ọ̀sán Sátidé kan.

Ìwọ ti ṣe tán kí agogo tó dún. Délé ò tíì dé ibì kankan. Mo ń wò ó látorí àga mi, ó ń rẹ́rìn-ín sí ìwé náà. Mo pariwo mọ́ ọn pé kó gbájú mọ́ iṣẹ́. Ó gbé ojú sókè, ó ní, "Dádì, ìbéèrè yìí mà dùn o." Mo ní ta ló bi í bóyá ó dùn. Nígbà tí àkókò pé, mo gba ìwé lọ́wọ́ ẹ̀yin méjèèjì, mo yọ páálí mi jáde. Máàkì tìrẹ wà lára èyí tó ga jù tí mo ti rí. Tirẹ̀ jẹ́ mọ́kànlá nínú ọgọ́ta.

Ìyá rẹ jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó ní, "Bàbá Délé, ṣé ẹ rí ohun tó kọ sí ẹ̀yìn ìwé yẹn?" Mo ní wọn kì í ka ẹ̀yìn. Ó ní, "Ṣé ọ́fíìsì lẹ wà ni?" Mo dá a lóhùn pé òfin ni òfin. Mo wá sọ ọ́, pẹ̀lú ẹnu ara mi, pé ká má parọ́ fúnra wa, orí ọmọ yìí ò gbé e. Délé ń to àga padà sí àyè wọn nígbà náà. Kò sunkún. Ó to àga náà tán, ó sì jáde. Nígbà tí ìpàdé ìparí ọdún dé, ìwọ nìkan ni mo fà jáde.

Àwọn ohun tó tẹ̀ lé e, kò sí èyí tó le nínú wọn bí o bá mú un lọ́kọ̀ọ̀kan, ìdí nìyẹn tí mi ò fi fura. Tó bá bi mí ní nǹkan, mo máa ń ní kó lọ ka ìwé rẹ̀ ná, kó tó máa bi èèyàn ní ìbéèrè. Mo gba tísà fún ọ, mi ò gbà fún un, mo ní kí ni ìlò rẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọmọ ọdún mẹ́tàlá, kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi mọ́, mo sì ń yangàn pé ó ti gbọ́n, ó ti dákẹ́. Ó fi iléèwé sílẹ̀ lẹ́yìn JS3. Ó lọ sí Mpape, ó bá àwọn tó ń fọ́ òkúta ṣiṣẹ́. Ohunkóhun tí o bá bi í látìgbà náà, bó jẹ́ ọ̀rọ̀ oúnjẹ, bó jẹ́ ọ̀rọ̀ ìyàwó, ìdáhùn kan ló ní: "Ẹ̀yin lẹ mọ̀, Dádì." Ìwọ náà ti gbọ́ ọ, o sì ti fi ṣe yẹ̀yẹ́.

O mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí òkè ní Mpape ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. O mọ̀ pé àpáta já, pé ó lọ ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀gbọ́n rẹ títí dé ọrùn ọwọ́, pé ó sì pa Sani tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ọmọkùnrin tó máa ń kí mi ní "Sannu, Baba" tí mo bá lọ bẹ̀ wọ́n wò. Wọ́n sin Sani ní ọjọ́ náà gan-an. Èyí tí o ò mọ̀ ni mo fẹ́ sọ fún ọ báyìí. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n títí di ọdún tó kọjá.

Lẹ́yìn tí a sin ìyá rẹ, mo ń wá káàdì ìjọ rẹ̀ nínú àpótí rẹ̀. Mo rí ọ̀rá kan tó kó káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára yín sí, ìwé ìdánwò Délé sì wà láàárín wọn, ó ká a ní mẹ́rin. Mo yí i padà. Ó gbà mí ní ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kí n tó yí ìwé kan padà.

Ìbéèrè keje ló kọ nǹkan nípa rẹ̀. Wọ́n ya nǹkan márùn-ún: àdá, ọkọ́, ṣíbí, àáké àti ọ̀bẹ. Wọ́n ní kí ọmọ mú èyí tí kò bá àwọn yòókù mu. Ṣíbí ni ìdáhùn, nítorí òun nìkan ni kò ní ojú mímú. Ìwọ fi àmì sí ṣíbí, o sì kọjá lọ. Délé náà mọ̀ ọ́n. Ohun tó kọ́kọ́ kọ sẹ́yìn ni pé ṣíbí ni, torí kì í gé nǹkan. Ó wá kọ ọ́ pé ó tún lè jẹ́ ọkọ́, torí ọkọ́ nìkan là ń fà sọ́dọ̀ ara wa. Ó lè jẹ́ àáké, torí òun nìkan là ń gbé kọjá orí ká tó lò ó. Ó lè jẹ́ ọ̀bẹ, torí òun nìkan ni Mọ́mì sọ pé kí n má fọwọ́ kàn. Ó lè jẹ́ àdá, torí òun nìkan ni Dádì máa ń mú jáde tí ejò bá wọlé. Ó ya ọkọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó fi ọfà tọ́ka ibi tí ọwọ́ ń fà á sí. Nísàlẹ̀ pátápátá ló ti kọ ọ́ ní lẹ́tà wẹ́wẹ́ pé: "Ṣé èyí tí àwọn rò ni kí n mú ni, àbí èyí tí èmi rò?" Nínú ihò tèmi, kò sí àmì kankan. Òdo ni mo fún un.

Mo sunkún nídìí àpótí yẹn, Bùnmi, kì í ṣe nítorí ìyá rẹ nìkan.

Mo mú ìwé náà lọ fún Délé. Ó fi ọwọ́ òsì gbà á, ó kà á, ó tún un kà. Ó ní, "Dádì, mo ti gbàgbé pé mo máa ń ṣe báyìí." Ó jókòó. Ìgbà náà ló wá sọ ọ̀rọ̀ àpáta yẹn fún mi. Ó ní láti àárọ̀ ọjọ́ náà lòun ti rí i pé àpáta náà ti sán. Àná rẹ̀, ilà náà dẹ́kun ní ìdajì, lọ́jọ́ yẹn ó ti gùn dé ìsàlẹ̀, omi sì ń sun jáde níbi tí omi kò sí tẹ́lẹ̀. Ó ní òun dúró wò ó, òun mọ ohun tó túmọ̀ sí, òun sì ti ń lọ bá fọ́máànù. "Mo wá ní, ta ni mí gan-an? Ọgbọ́n wo ni mo ní tí fọ́máànù ò ní? Èmi tí orí mi ò gbé e. Mo bá padà lọ gbé hámà mi." Bó ṣe sọ ọ́ fún mi nìyẹn, láìgbé ohùn sókè, bí ẹni ń sọ ibi tó fi bàtà sí.

Sani ní ìyàwó ní Mararaba. Mi ò lè lọ bá a. Kí ni mo fẹ́ wí?

Nísinsìnyí, ìmọ̀ràn. Mo ti fi ẹnu mi ba nǹkan jẹ́ tó, mo mọ̀ pé mi ò lẹ́nu ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n èmi nìkan ni bàbá tí o ní.

Àkọ́kọ́, má tìtorí mi kórìíra ìdánwò náà. Kò parọ́. Ó ń wọn nǹkan kan, ohun tó sì wọ̀n lára rẹ wà lára rẹ lóòótọ́. N óò tún sọ èyí fún ọ, nítorí iṣẹ́ rẹ ni: àwọn ọmọ tó ń gbádùn ìrònú, tí o bá pa àlọ́ fún wọn tí wọn ò ní jẹ́ kí o sọ ìdáhùn, ọ̀pọ̀ wọn máa ń gba máàkì dáadáa. Kò yà mí lẹ́nu. Ọmọ tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù á máa gbá a lójoojúmọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n fífẹ́ràn rẹ̀ àti mímọ̀ ọ́n ṣe kì í ṣe ohun kan náà, n kì bá tí sọ bẹ́ẹ̀ ká ní mi ò jókòó tì wọ́n fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Mo rí ọmọbìnrin kan tó gba máàkì gọbọi, tó sì ń bẹ ìyá rẹ̀ pé kó má tún mú òun wá síbẹ̀ mọ́ láéláé. Mo rí òmíràn tó gba ìwọ̀nba, tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ já pẹ́ńsù gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí agogo dún. A kọ máàkì àwọn méjèèjì sínú ìwé. A ò kọ èyí tó ń sunkún, a ò sì kọ èyí tí kò fẹ́ lọ sílé.

Ó sì ṣeé ṣe kí Mọ́rẹ́ lọ́ra lóòótọ́. Mi ò fẹ́ kí o rò pé ohun tí mò ń sọ ni pé gbogbo ọmọ tí máàkì rẹ̀ kéré ló ní ọgbọ́n ńlá tó fi pamọ́. Irọ́ nìyẹn, àwọn òbí tó bá ní owó á sì máa fi irọ́ náà yọ ọ́ lẹ́nu ní ọ́fíìsì. Bó bá lọ́ra, kó lọ́ra. Ìdánwò sọ ohun tó lè ṣe ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí wọ́n gbé agogo tì í. Bó ṣe gbádùn ìrònú tó ló máa sọ ohun tó máa ṣe ní gbogbo ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni ò gbé agogo tì í, bẹ́ẹ̀ irú ọjọ́ yẹn ló pọ̀ jù láyé èèyàn. Lórí òkè ní Mpape lọ́jọ́ yẹn, kò sí ẹni tó bi Délé ní ìbéèrè. Òun fúnra rẹ̀ ló yẹ kó fẹ́ bi ara rẹ̀, kó sì gba ìdáhùn ara rẹ̀ gbọ́.

Ọ̀rọ̀ tìrẹ ló kàn, má bínú. Mo ba ìwọ náà jẹ́, ọ̀nà tí mo gbà bà ọ́ jẹ́ ló dára lójú. Gbogbo ìgbà tí o bá yára dáhùn, mo fún ọ ní bísíkíìtì, mo ra ẹlẹ́rìndòdò fún ọ, mo pè ọ́ ní ọmọ bàbá rẹ̀. Tí o bá dúró ronú, mo ní ṣé kò yé ọ ni. O wà ní yunifásítì nígbà tí o sọ fún mi pé, "Dádì, I don't even like thinking o. Mo kàn fẹ́ mọ ohun tí wọ́n fẹ́." A jọ rẹ́rìn-ín sí i. Kò yẹ kí n rẹ́rìn-ín. O ti yege gbogbo ìdánwò tí ẹnikẹ́ni gbé síwájú rẹ, mi ò sì rí ọ rí kí o jókòó ti ọ̀rọ̀ kan nítorí pé ó dùn mọ́ ọ. Tí o bá ṣi ẹyọ nǹkan kan ṣoṣo, orí á máa fọ́ ọ fún ọjọ́ méjì. Mo rò pé ìdí nìyẹn tí ìbéèrè Mọ́rẹ́ fi máa ń bí ọ nínú. O fẹ́ ìdáhùn kí ó lè tán, òun ò fẹ́ kó tán. Nítorí náà, ọmọ mi, má ṣe yin ọmọ yẹn nítorí pé ó yára. Yìn ín tó bá padà wá lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àná.

Ó sì ń padà wá. Ìgbà tó lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa níbí, ó ṣàkíyèsí pé nírọ̀lẹ́, páànù òrùlé ti tutù ṣùgbọ́n omi tó ń jáde látinú táǹkì dúdú ṣì gbóná. Ó bi mí ìdí rẹ̀. Mo ń wá awò ojú mi, mi ò dá a lóhùn. Ó lọ bi Délé. Délé ní òun ò mọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá àwọn méjèèjì lẹ́yìnkùlé, Mọ́rẹ́ ti gbé abọ́ omi kan àti àwo irin kan sínú oòrùn, Délé sì lóṣòó tì í. Délé ní, "Ó dà bíi pé omi ni... torí omi pọ̀ ju..." Ọmọ náà gbé ojú sókè, ó ń retí. Délé rí mi. Ó dìde, ó ní, "Lọ bi Grandpa, òun ló mọ̀ ọ́n." Ó wọlé lọ. Ọkùnrin tó ti ń sún mọ́ ogójì ọdún, Bùnmi, ó rí mi, ó sì gbé ìrònú rẹ̀ jù sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi tó ti ń jalè. Èmi ni mo ṣe ìyẹn. Mi ò lè tún un ṣe, mo ti gbìyànjú.

Èyí tí mo fẹ́ kí o ṣe kò pọ̀. Kí ó tó di ọjọ́ Ajé, gba ìwé ìdánwò Mọ́rẹ́ jáde. Ìwọ ni olórí ẹ̀ka, wọn ò ní fi dù ọ́. Jókòó tì í, pa fóònù rẹ, kí o sì sọ fún un pé kó ṣàlàyé àwọn èyí tó kùnà fún ọ. Má tún un ṣe fún un. Má sọ ìdáhùn. Tó bá dákẹ́, dákẹ́. Tó bá jẹ́ pé kò mọ̀ ọ́n rárá ni, wàá mọ̀, o lè bu ọwọ́ lu fọ́ọ̀mù rẹ nígbà náà, mi ò ní bá ọ jà. Kíláàsì kọ́ ni ẹ̀rù ń bà mí sí. Ọmọ lè jókòó sí kíláàsì èyíkéyìí kó máa ronú.

Èyí tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí ni gbólóhùn tí o sọ ní Ọjọ́bọ̀. Lọ bẹ̀ ẹ́. Má ṣe sọ pé o kàn ń ṣeré, má ra nǹkan fún un. Sọ fún un pé ohun tí o sọ kò dára, pé o ò tilẹ̀ mọ̀ bóyá òótọ́ ni, pé ẹnu rẹ ló yá. Mo mọ̀ pé ó máa nira fún ọ láti sọ fún ọmọ ọdún mẹ́jọ pé o ṣìnà. Ó nira fún èmi náà, mo sì jẹ́ kó nira fún mi títí Sani fi kú.

Kó àwọn ìwé ìgbaradì tí o rà fún un sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Mo gbọ́ pé wákàtí méjì ló ń lò nídìí rẹ̀ lójoojúmọ́ tó bá ti iléèwé dé. Wákàtí méjì yẹn lè fi máàkì díẹ̀ kún tirẹ̀. Ó tún lè jẹ́ kó kórìíra ohun tó fẹ́ràn jù, ìyẹn á sì pẹ́ lára rẹ̀ ju máàkì náà lọ.

Nípa iṣẹ́ rẹ, ẹyọ kan péré. Ọmọ tí máàkì rẹ̀ bá kéré, yí ìwé rẹ̀ padà kí o tó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Mo mọ̀ pé kò sí àyè. Kò sí àyè fún èmi náà.

Mo fẹ́ parí níbí, ṣùgbọ́n mi ò lè sọ ọ̀rọ̀ Délé fún ọ láìjẹ́ pé ó mọ̀. Ó ti fọ abọ́ tán. Mo pè é wá jókòó, mo ka ìwé yìí fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀, títí kan ibi tó dùn ún. Mo bi í bóyá kí n fún awakọ̀ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín lónìí ni, àbí kí n fà á ya. Mo rò pé á ní èmi ni mo mọ̀, bó ṣe máa ń wí. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò já lù ú. Mò ń kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́.

"Ẹ fi ránṣẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ má kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo ti dárí jì yín, Dádì, torí mi ò tíì ṣe é. Ẹ kàn sọ fún Bùnmi pé kó lọ bá ọmọ yẹn lónìí, nígbà tó ṣì ń béèrè. Tó bá ti dákẹ́ tán, yóò gba ẹ̀bẹ̀ náà, yóò ní kò sí wàhálà, Mọ́mì. Kò kàn ní gbà á gbọ́ ni."

Èmi ni,
bàbá ẹ̀yin méjèèjì.